Àwọn Tí Mo Yọ Kúrò Lábẹ́ Òfin

Inú bí mi lọ́dún yẹn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ mọ́. Wọ́n máa ń sọ pé oníbìínú ni mí, òótọ́ sì ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n bí mọ́ mi. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di òṣìṣẹ́ ìlera ní abúlé. Èmi ni mò ń mójú tó sọ́fíwíà tí ó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe kò ṣòro láti lóye. Ó wà láàárín íńtánẹ́ẹ̀tì àti àwọn kọ̀ǹpútà wa, kò sì sí ohun tí yóò wọlé tàbí jáde tí kò ní gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Èmi ni mo ń to òfin fún un. Òfin kan lè ní kí ó jẹ́ kí nǹkan kọjá, òmíràn lè ní kí ó dá a dúró. Ní gbogbo ìgbà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ló ṣẹlẹ̀, aago báyìí, láti orí kọ̀ǹpútà báyìí. Láti òkè ló ti máa ń ka òfin wá sí ìsàlẹ̀. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ni yóò tẹ̀ lé, kò ní ka ìyókù mọ́. Nítorí náà, ohun tí èèyàn bá fi sí òkè pátápátá lágbára ju gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ lọ.

Òkè pátápátá yẹn ni àwọn àyàfi wà. Bí mo ṣe ń pè wọ́n nìyẹn: gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe báyìí, àyàfi kọ̀ǹpútà lágbájá. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà, àyàfi mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n ti lé ní ogójì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó gbogbo wọn síbẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí mo fi tinútinú ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Bí sọ́fíwíà bá dá ẹnì kan dúró, ẹni náà kò ní béèrè ohun tí òun ṣe. Ó máa gbà pé inú ló ń bí mi sí òun. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí ó lè fà á: bóyá kò kí mi dáadáa lọ́jọ́ Ajé, bóyá kò wá síbi ìsìnkú bàbá mi. Lẹ́yìn náà, á lọ wá àgbàlagbà kan tí mi ò ní lè wò lójú kí n sọ pé rárá. Wọ́n á jọ wọlé sí ọ́fíìsì mi, wọ́n á béèrè àlàáfíà màmá mi, wọ́n á wá ní, "Ẹ má bínú sí i mọ́. Ẹ fi ti Ọlọ́run àti Ànábì ṣe é. Bí ó bá ṣẹ̀ yín, àwa la ní kí ẹ foríjì í."

Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ mí. Mo máa ń ṣàlàyé pé ibi tí olùkọ́ yìí ti ń wa sinimá ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó ń kó kòkòrò tí ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ bá gbogbo èyí tó kù. Wọ́n á mirí, wọ́n á ní, "A ti gbọ́, a ti gbọ́. Ṣé ẹ ti wá foríjì í báyìí?" Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ò yàtọ̀. Pásítọ̀ tèmi gan-an ti pè mí lórí fóònù rí nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ó sì gbàdúrà fún mi kí ó tó sọ ohun tí ó tìtorí rẹ̀ pè. Mo yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kúrò lábẹ́ òfin kí àdúrà náà tó parí. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá rí tí kò mú ẹnikẹ́ni dání. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, obìnrin tó tó ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń dáko ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu, wọ́n sì ń sin ewúrẹ́. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kejì wọ ilé-ìwé ni òun náà ní òun máa lọ kọ́ṣẹ́ ìlera, nítorí kò sí ẹni tí ó ń gbẹ̀bí ní abúlé wọn àfi ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ káàsán. Fóònù mi ò wọlé sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Kí ni òfin yẹn wí?"

Kò sí ẹni tí ó ti bi mí ní ìbéèrè yẹn rí láti ọdún tí mo ti wà níbẹ̀. Mo fi òfin náà hàn án. Mo fi ètò tí òfin náà kò gbà lórí fóònù rẹ̀ hàn án. Ó jókòó, ó yọ ọ́ kúrò, fóònù rẹ̀ wọlé, ó dúpẹ́, ó lọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú mi dùn títí mo fi délé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, wọ́n gbà á síṣẹ́ ọ̀sán ní ọ́fíìsì ìdánwò. Ó ń tẹ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń dín owó ilé-ìwé rẹ̀ kù fún un. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ó sì máa ń rántí orúkọ ọmọ olúkúlùkù. Nígbà tí màmá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ̀ẹ̀mejì ló wá kí wa ní ilé ìwòsàn.

Orí lápútọ́ọ̀pù Bàbá yìí ni máàkì gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wà. Ó wá ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan, ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tanke. Ọkùnrin náà fi ètò kan sórí lápútọ́ọ̀pù yẹn tí ó ń jẹ́ kí ó lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó máa darí rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀. Bàbá ní ó máa ń bá òun yanjú ìṣòro láìjẹ́ pé òun wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a. Sọ́fíwíà dá a dúró lọ́jọ́ kìíní, nítorí ó wà lára òfin tí mo kà sí pàtàkì jù: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti ìta wá darí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé.

Bàbá wá bá mi. Mo sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Mo ní, "Bàbá, máàkì gbogbo ọmọ ló wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ètò yẹn lè wọlé nígbà tó bá wù ú." Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "O káre, ọmọ mi," ó sì lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní Sátidé, wọ́n wá sílé wa ní Fate. Mẹ́rin ni wọ́n. Bàbá wà níbẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka tèmi wà níbẹ̀, obìnrin tí ó jẹ́ olórí àwọn akọ̀wé wà níbẹ̀, ẹni kẹrin sì ni ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti dolóògbé, àgbàlagbà kan tó ń gbé ní Adéwọlé, tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe wá a rí. Màmá mi gbé omi fún wọn. Àgbàlagbà náà ló sọ̀rọ̀. Ó rántí bàbá mi, ó rántí ìgbà tí wọ́n jọ dé Ìlọrin bí àlejò, ó wá ní ẹ̀bẹ̀ ni àwọn wá bẹ̀, kí n má jẹ́ kí Bàbá máa jìyà lójú àwọn ọmọdé. Kí n tó la ẹnu, màmá mi ti sọ pé, "Ó ti gbọ́. Ọmọ yín ni. Ó ti gbọ́."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ. Ara mi ń gbóná. Mo ní, "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n bẹ̀ fún."

Ó ń kó ife jọ. Ó ní, "Mo mọ àwọn tó bẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi lápútọ́ọ̀pù Bàbá sí òkè. Ààyè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyàfi kọ̀ọ̀kan tí èèyàn máa ń kọ ìdí rẹ̀ sí. Mi ò lè kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà wọ̀nyẹn síbẹ̀. Mo kọ "ẹ̀bẹ̀".

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ì bá sàn. Sọ́fíwíà ì bá ṣì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹnì kan bá ti ìta wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kọ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, orúkọ lápútọ́ọ̀pù Bàbá ló sì máa ń wà lókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún wá. Ó ní ojú ń ti òun, ó dà bí ẹni pé òun jẹ̀bi nǹkan kan. Ààyè mìíràn wà tí èèyàn lè fọwọ́ kàn kí ó má kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà kan, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Mi ò ní í purọ́ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ pé rárá fún àwọn tí kò gbà pé òfin ni mò ń sọ.

Ìparí sáà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Olùkọ́ kan mú ìwé tí ó fọwọ́ kọ máàkì sí, ó fi wé èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó, ó rí i pé wọn kò bára mu. Wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá tó fìdí rẹmi ni ẹnì kan ti sọ di ẹni tó yege. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni wọ́n yí wọn padà, láàárín aago kan sí aago méjì, lórí lápútọ́ọ̀pù Bàbá, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù Bàbá. Bàbá wà ní mọ́sáláásí nígbà náà, ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó wà nínú ọ́fíìsì ìdánwò ni obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ń tẹ máàkì lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Lápútọ́ọ̀pù Bàbá wà ní ṣíṣí lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ṣe é. Máàkì tirẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn mẹ́rìnlá yẹn. Ọdún tó máa parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló wà.

Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n lọ wo ohun tí sọ́fíwíà rí. Mo lọ wò ó. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn ló wà níbẹ̀: fóònù ọmọ kan tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, olùkọ́ kan tó ṣi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí pásítọ̀ tìtorí rẹ̀ pè mí. Nípa lápútọ́ọ̀pù Bàbá, kò sí ìlà kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá ti ìta wọlé sórí rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán yẹn, ìlà kan péré ì bá sọ ọ́. Bí kò bá sì sí ẹni tó ti ìta wọlé, ìyẹn náà ì bá hàn. Mo fọwọ́ gbá tábìlì títí ọwọ́ mi fi ń ta mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ lápútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ wò. Bàbá ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ti pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní ó ń lọ́ra. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ́ọ́rọ́, ojú rẹ̀ sì mọ́. Mi ò gbà pé Bàbá mọ ohunkóhun, títí di òní. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù, pé mi ò rí ẹni burúkú kan tí màá dojú ìbínú mi kọ.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún jókòó, ọ̀gá ẹ̀ka tèmi sì wà lára wọn. Alága bi mí pé kí ni sọ́fíwíà wa rí.

Mo ní, "Kò rí nǹkan kan, sà. Èmi ni mo ní kó má wò ó."

"Kí ló fà á?"

"Wọ́n bẹ̀ mí ni, sà."

Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ibi tí mo ti tẹ gbogbo àyàfi jáde fún wọn. Ó fi bírò tọ́ka sí i, ó kà á pé, "Ẹ̀bẹ̀." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá ló bẹ̀ mí, sà. Òun àti ọ̀gá mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn." Ọ̀gá mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Alága ní, "A ò pè yín wá síbí kí ẹ wá máa fẹjọ́ àgbà sùn. Ẹ jókòó." Mo jókòó. Ó yẹ kí n ti dúró.

Wọ́n yíjú sí obìnrin náà. Àwọn mẹ́rìnlá yẹn ti mú òbí wọn wá, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti kúnlẹ̀, ìgbìmọ̀ sì ti ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Òun nìkan ni kò tíì bẹ̀. Alága rọra bá a sọ̀rọ̀, ó ní kò sí ohun tí ẹ̀bẹ̀ kì í tán.

Ó ní, "Kí ni kí n bẹ̀ fún, sà? Mo tẹ máàkì tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan lápútọ́ọ̀pù Bàbá."

Wọ́n ní agídí ni. Wọ́n ní bí kò bá bẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, àwọn máa lé e. Mo jáde, ojú mi ṣú. Ẹni kan ṣoṣo nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà tó bi mí rí pé kí ni òfin wí, òun ni òfin máa jẹ níyà, nítorí pé mo ti yọ àwọn tó kù kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, tí mo pa gbogbo àyàfi rẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo pa wọ́n, kí n lè rí orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀nà ọ́fíìsì mi ti kún. Akọ̀wé ọ̀gá àgbà ò lè tẹ̀wé. Ẹ̀ka owó ò lè wọ báńkì. Olùkọ́ onísinimá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlagbà tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé kí ni àwọn ṣe fún mi. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ní, "Èmi kọ́ ni kí ẹ bẹ̀. Ẹ lọ bẹ ìgbìmọ̀ fún obìnrin yẹn. Ẹni tó bá ti bẹ̀ fún un, kó padà wá, màá dá tiẹ̀ padà."

Mi ò lè ṣàlàyé bí ó ṣe dùn mọ́ mi tó. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń fi ẹ̀bẹ̀ lù mí, èmi náà wá gbé e dání. Wọ́n sì lọ lóòótọ́. Bàbá ló ṣáájú wọn. Wọ́n sọ fún mi pé ó ṣí fìlà, ó ní kí wọ́n wo ewú orí òun. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Lọ́jọ́ kẹta, ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà sí obìnrin náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà náà wá bá mi. Mo ti rò pé ó wá dúpẹ́, mo sì ti ń múra láti sọ pé kò tọ́pẹ́.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n lọ bẹ̀ fún mi?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n ní nítorí ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà, ìgbìmọ̀ ti foríjì í fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀, ó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó ṣáà fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé òun gba ẹ̀ṣẹ̀ náà, òun sì gba ìdáríjì. Wọ́n máa fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ẹ fọwọ́ sí i. Oṣù mélòó ló kù? Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí yín, kí ẹ máa lọ. Wọ́n ń dúró dè yín nílé."

Ó ní, "Tí mo bá délé, tí mo wọlé onílé láti gbẹ̀bí, tí nǹkan wọn bá sọnù, ta ni wọ́n máa mú?"

Ó ká lẹ́tà náà sí méjì, ó sì tún un ká. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

Ó ní, "Ẹ ò bi mí, àǹtí. Ẹ ní kí wọ́n bẹ̀ fún mi, ẹ ò bi mí."

Kò fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá fún un parí, wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ pátákó pé wọ́n ti lé e. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dá àwọn àyàfi padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé gbogbo wọn ló ti ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe.